Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ti Kọ́ Bàálù Wíwà Nílẹ̀ Òkèèrè: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Abẹ́òkúta Tó Ń Wá PPL

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ́ bàálù wíwà nílẹ̀ òkèèrè sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi iye owó wákàtí kan. Á to orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ bíi mẹ́wàá sílẹ̀, á sì mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Iye owó wákàtí ló yẹ kí ẹ wò gbẹ̀yìn. Físà tí wọ́n lè fún yín, ibi tí ẹ ó ti máa lo ìwé àṣẹ náà, ojú ọjọ́, àti iye bàálù tó ń fò ní tòótọ́ nílé-ẹ̀kọ́ náà ló ń pinnu iye tí ẹ ó ná tán. Ìdí nìyí tí a fi to àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí bí a ṣe tò wọ́n. Bí ẹ bá tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹẹsẹ, orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan á ti já kúrò lórí ìwé yín kí ẹ tó yọ owó kankan lápò.

PPL ni ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni. Ẹ lè fi gbé ara yín, mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ nínú bàálù kékeré, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ gbowó iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi bàálù jẹun, CPL ló ń wá, PPL ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Kí lẹ fẹ́ fi ìwé àṣẹ náà ṣe?

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ awakọ̀ lẹ ń lé, orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti kàwé dé CPL ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ PPL. Òfin àwọn àjọ tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹn FAA ti Amẹ́ríkà, EASA ti Yúróòpù àti CAA ti Ìlú Ọba, kò jọra. Ẹni tó bá gba PPL lábẹ́ ọ̀kan, tó wá fẹ́ ṣe CPL lábẹ́ òmíràn, á tún jókòó ṣe ìdánwò, á sì tún náwó sí ohun tó ti náwó sí tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí pé Ìlú Ọba ti kúrò lábẹ́ EASA láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlú Ọba bá ṣì ń polówó pé ìwé àṣẹ ibẹ̀ ṣiṣẹ́ káàkiri Yúróòpù bẹ́ẹ̀ náà, ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa.

Bó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ ti fẹ́ máa fò, NCAA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa, lọ̀rọ̀ kàn. Ìwé àṣẹ láti orílẹ̀-èdè tó wà nínú ICAO, àjọ òfuurufú àgbáyé, ṣeé yí padà sí ti Nàìjíríà, àmọ́ wọ́n á kọ̀wé sí àjọ tó fún yín láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni, ẹ ó ṣe ìdánwò lórí òfin òfuurufú ilẹ̀ wa, ẹ ó sì ṣe àyẹ̀wò ìlera lọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ lọ bi wọ́n nísinsìnyí, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé, kí ẹ sì gba èsì náà ní àkọsílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè kì í sọ fún yín. Kò sí pápákọ̀ òfuurufú ní Abẹ́òkúta. Ti Ìkẹjà àti ti Gateway tó wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ló sún mọ́ wa. Bàálù kékeré téèyàn lè háyà fún wákàtí kan péré kò sì pọ̀ ní Nàìjíríà. Bí ẹ ò bá ní bàálù tiyín, tí ẹ ò sì ní ọ̀rẹ́ tó ní in, ó ṣeé ṣe kí ọdún kan kọjá kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ́mọ tàbí ẹ̀gbọ́n tí ẹ máa ń lọ kí lọ́dọọdún ní Houston, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto, ìwé àṣẹ ibẹ̀ á wúlò fún yín ju ibi tówó ti rọ̀ lọ, torí ibẹ̀ lẹ ó ti máa rí bàálù háyà.

Kí ẹ tó gbójú sókè òkun rárá, ẹ gba ìwé iye owó ní NCAT, ilé-ẹ̀kọ́ òfuurufú ìjọba tó wà ní Zaria láti ọdún 1964, àti ní International Aviation College ní Ìlọrin. Láìsí iye tilé lọ́wọ́, kò sí ohun tí ẹ ó fi wọn ti òde.

Ìgbésẹ̀ 2: Àyẹ̀wò ìlera ṣáájú owó

Kí ẹ má san kọ́bọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan kí ẹ tó mọ̀ pé ara yín á gbà á. Ìwé ìlera tí ẹ nílò yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn: Class 2 ni Ìlú Ọba, Yúróòpù àti Gúúsù Áfíríkà ń béèrè, FAA ń béèrè Class 3, Kánádà ń béèrè Category 3. Dókítà tí àjọ orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí nìkan ló lè fúnni. Èyí tí ẹ bá gbà lábẹ́ NCAA kò rọ́pò tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ lè ti mọ ibi tẹ́ ẹ dúró kí ẹ tó kúrò nílé. Ní ilé ìwòsàn ńlá èyíkéyìí, irú èyí tó wà ní Ìdí-Àbà, ẹ yẹ ojú yín wò, títí kan mímọ àwọ̀ yàtọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, bí ọkàn ṣe ń lù, àti irú ẹ̀jẹ̀ yín. Àìmọ àwọ̀ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé máa ń bá àwọn ọkùnrin kan lójijì. Wọn ò mọ̀ rí pé ó wà lára wọn. Ẹni tó bá jẹ́ SS gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ wérọ̀ pẹ̀lú dókítà òfuurufú kó tó ná ohunkóhun. Bákan náà ni ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ṣúgà, ẹni tí wárápá ti mú rí, àti ẹni tó ń lo oògùn fún àárẹ̀ ọkàn. Awò ojú kì í ṣe ìṣòro bó bá ti ń jẹ́ kí ẹ ríran dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, ẹ má fi pamọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù ìlera lè mú kí wọ́n gba ìwé àṣẹ padà lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ọjọ́ orí: ọdún 17 fún ìwé àṣẹ. Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, ọmọ ọdún 16 lè dá bàálù fò pẹ̀lú àṣẹ olùkọ́. Gẹ̀ẹ́sì yín náà gbọ́dọ̀ dé ìpele 4 nínú 6 tí ICAO là sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Físà, ibi tí orílẹ̀-èdè ti ń já

Amẹ́ríkà ni ilé-ẹ̀kọ́ bàálù pọ̀ sí jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà máa ń kọ́kọ́ wò. Físà ìbẹ̀wò kò bófin mu fún ẹ̀kọ́ tó ń yọrí sí ìwé àṣẹ níbẹ̀. Físà ìkẹ́kọ̀ọ́ M-1 ni wọ́n ń lò, nígbà mìíràn F-1. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lórí àkójọ SEVP, ìyẹn àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí fún akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, nìkan ló lè fún yín ní fọ́ọ̀mù I-20 tó fi hàn pé wọ́n gbà yín, lẹ́yìn náà lẹ ó san owó SEVIS, owó ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, 350 dọ́là, kí ẹ tó lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Lórí gbogbo èyí, àjọ ààbò TSA gbọ́dọ̀ yẹ yín wò, kí wọ́n gba ìtẹ̀ka yín, kí wọ́n tó jẹ́ kí olùkọ́ gbé yín gòkè. Ṣùgbọ́n àṣẹ ààrẹ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026 dá físà F, M, J àti ti ìbẹ̀wò dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ wo ìkànnì ẹ́ḿbásì wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ka èyí. Bí àṣẹ náà bá ṣì wà, tí ẹ ò sì ní páásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè mìíràn tàbí ìwé ìgbélùú, ẹ fa igi lé Amẹ́ríkà lórí, ohun yòówù kí ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sọ. Ilé-ẹ̀kọ́ á gbowó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Kò lágbára lórí físà.

Ní Kánádà, ẹ̀kọ́ tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ kò nílò ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ọmọ Nàìjíríà ṣì nílò físà ìbẹ̀wò. PPL ṣeé parí láàárín oṣù mẹ́fà bí ojú ọjọ́ bá gbà. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti tẹ̀ síwájú sí CPL, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ibẹ̀ ti yàn fún akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ni kí ẹ mú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gúúsù Áfíríkà ń fẹ́ físà ìkẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ọlọ́pàá, ìwé dókítà, ẹ̀rí owó, àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Láìsí káàdì yìí, wọ́n lè dá yín padà láti pápákọ̀. Ìwé ọlọ́pàá sì máa ń gba àsìkò, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ńyà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní pápákọ̀ Wilson ní Nàìróbì. Akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ń gba ìwé àyè ìkẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Fún Ìlú Ọba àti Yúróòpù, ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí ẹ tó bi wọ́n ní òmíràn: irú físà wo ni akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Áfíríkà lò níbí gbẹ̀yìn? Kí wọ́n dáhùn nínú ímeèlì. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sọ pé "ẹ kàn máa bọ̀, físà ìbẹ̀wò ti tó" láìtọ́ka sí òfin kò mọ ohun tó ń sọ. Físà Schengen fún ìgbà kúkúrú kò ju ọjọ́ 90 nínú 180 lọ. Bí òjò bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dí yín lọ́wọ́, ọjọ́ yín á tán kí ẹ̀kọ́ tó tán.

Ìlú Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìtẹ̀ka wọ̀nyí ti ń wáyé. Bí àdéhùn yín bá jẹ́ àárọ̀ kùtù, ẹ lọ sùn sí Èkó. Ọ̀nà Sàńgó-Ọ̀tà kò ṣeé fọkàn tán lówùúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Láderin kì í lọ léraléra.

Ìgbésẹ̀ 4: Wákàtí òfin àti wákàtí gidi

FAA ń béèrè ó kéré tán wákàtí 40, tàbí 35 ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń tẹ̀ lé Part 141, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí FAA fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Ìlú Ọba, EASA, Kánádà àti Gúúsù Áfíríkà ń béèrè 45. Ẹ má fi ìyàtọ̀ 40 sí 45 yan orílẹ̀-èdè, torí díẹ̀ làwọn tó ń parí ní wákàtí òfin. Láàárín 55 sí 75 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ́ sí. Ẹni tó ń fò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí yóò máa fi ìdajì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan rántí èyí tó kọjá. Ẹ fi 60 ṣe ìṣirò yín.

Ìdánwò orí ìwé ló yàtọ̀ gidi. Ti FAA jẹ́ ẹyọ kan, ìbéèrè 60, máàkì 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ fi ń yege. Ti EASA jẹ́ iṣẹ́ mẹ́sàn-án, láti òfin òfuurufú dé ojú ọjọ́, ìwakọ̀ ojú ọ̀nà àti ìmọ̀ ara ènìyàn, 75 sì ni ẹ fi ń yege nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka èyí mọ́ iye ọ̀sẹ̀ tí físà yín gbà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ojú ọjọ́ àti gíga ilẹ̀

Ní Florida, ààrá máa ń sán lọ́sàn-án láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án. Àárọ̀ nìkan lẹ ó máa rí fò, àkókò ìjì ńlá sì ni láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà dé ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Arizona mọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jálẹ̀ ọdún, àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, ooru ń kọjá 40°C, bàálù kékeré á sì máa fi tìpátìkúùkù gòkè. Ní Ìlú Ọba, oṣù Kẹrin sí Kẹsàn-án nìkan la lè gbà yín nímọ̀ràn. Ní oṣù Kejìlá, ojúmọmọ Lọ́ńdọ̀nù ò ju bíi wákàtí mẹ́jọ lọ, ìkùukùu sì máa ń wálẹ̀. Kánádà nígbà òtútù ń dá ẹ̀kọ́ dúró nítorí yìnyín.

Gúúsù Áfíríkà yẹ fún àlàyé díẹ̀. Ilẹ̀ Johannesburg ga: pápákọ̀ Rand wà ní nǹkan bí 5,480 ẹsẹ̀ bàtà sókè òkun. Ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré tí kò ní túbò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì) ń pàdánù bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ó ti pàdánù bíi ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún kó tó kúrò nílẹ̀. Ìyẹn ń kọ́ni ní ìṣọ́ra, a ò sọ pé kò dáa, ṣùgbọ́n bàálù ẹlẹ́ni méjì tí wọ́n fi ń dín owó kù lè máà lè gbé ẹni tó sanra níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ilé-ẹ̀kọ́ etíkun, bíi ti ìhà George, kò ní wàhálà yìí. Nàìróbì ga bíi Johannesburg.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sán àti ààrá kò ṣàjèjì sí wa ní Abẹ́òkúta. Bí òjò ṣe ń ṣú lórí Olúmọ ní agogo mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Florida. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ fi ọjọ́ dídé yín sí ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò tó dáa, kì í ṣe ìparí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Pápákọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń lò

Owó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka látìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dún. Ní pápákọ̀ ńlá, bàálù ẹlẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìṣẹ́jú 15 rìn nílẹ̀ kó sì dúró de àwọn ọkọ̀ ńlá. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ẹ̀kọ́, fún ẹ̀kọ́ 45, jẹ́ wákàtí 11 àti díẹ̀. Bí wákàtí kan bá jẹ́ 180 dọ́là, ẹ ti fi bíi 2,000 dọ́là rìn lórí ọ̀dà. Ẹ béèrè: ìṣẹ́jú mélòó láti ibi ìgbékalẹ̀ dé ojú ọ̀nà ìgbéra? Owó ìbàlẹ̀ wà níbẹ̀ bí?

Bó ti wù kó rí, pápákọ̀ tí kò ní adarí ọkọ̀ òfuurufú rárá náà ní àbùkù. Ẹni tó bá fẹ́ wá máa fò ní Nàìjíríà, níbi tí ẹ ó ti máa bá adarí sọ̀rọ̀ lórí rédíò, nílò kí ohùn adarí ti mọ́ ọn lára. Ibi tí a fara mọ́ ni pápákọ̀ kékeré tó ní adarí, tí pápá mìíràn tí kò ní sì wà nítòsí.

Ìgbésẹ̀ 7: Bàálù, olùkọ́ àti olùdánwò

Ibí ni ẹ̀kọ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ilé-ẹ̀kọ́ lè ya fọ́tò bàálù mẹ́wàá sórí ìkànnì, kó sì jẹ́ mẹ́ta péré ló ń fò. Àwọn yòókù wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń retí ohun èèlò. Ní Amẹ́ríkà, bàálù tí wọ́n ń fi kọ́ni fún owó gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò lẹ́yìn gbogbo wákàtí 100. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá kún, bàálù kan lè dé 100 láàárín oṣù kan péré. Ẹ fi àwọn ìbéèrè yìí ránṣẹ́ nínú ímeèlì kan:

- Bàálù mélòó ló fò lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló sì ń pín wọn?
- Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló wà lọ́wọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan?
- Iye wákàtí wo ni akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tó parí gbẹ̀yìn fi parí, ọ̀sẹ̀ mélòó ló sì gbà wọ́n?
- Bí olùkọ́ mi bá lọ, ta ló gbà mí, ta ló ń san owó àtúnyẹ̀wò?
- Ọjọ́ mélòó ni à ń dúró kí olùdánwò tó ráyè?

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin sí márùn-ún fún bàálù kan dára. Bó bá kọjá mẹ́jọ, ẹ ó máa jókòó. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá yẹra fún ìbéèrè kẹta ti dáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Nípa olùkọ́: ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn ń kó wákàtí jọ kí wọ́n tó dé 1,500 tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń fẹ́. Lọ́jọ́ tí ó bá pé, wọ́n á lọ. Olùkọ́ tuntun á tún yẹ yín wò láti ìbẹ̀rẹ̀, wákàtí márùn-ún á sì kọjá láìkọ́ ohun tuntun. Ẹ béèrè fún ẹni tí ó ṣì kù ju oṣù mẹ́rin lọ fún un.

Olùdánwò náà: akẹ́kọ̀ọ́ á ti ṣetán, kò ní sí ẹni tó máa dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò yẹn ó gbọ́dọ̀ máa fò kí ọwọ́ rẹ̀ má baà le, á sì máa san owó ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní olùdánwò tirẹ̀, tàbí tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá bàálù fò, ti gba ìnáwó ńlá kúrò lọ́rùn yín.

Ẹ tún wo ìwọ̀n ara yín mọ́ bàálù. Cessna 152 kò gbọdọ̀ wúwo ju 1,670 pọ́ùn lọ nígbà ìgbéra. Tí ẹ bá yọ ìwọ̀n bàálù fúnra rẹ̀, ó kù bíi 500 pọ́ùn. Epo tó kún ń gba bíi 147 nínú rẹ̀. Ohun tó kù fún ènìyàn méjì àti báàgì jẹ́ bíi kílò 160. Akẹ́kọ̀ọ́ kílò 95 àti olùkọ́ kílò 80 ti kọjá a. Wọ́n á ní kí ẹ dín epo kù, ẹ̀kọ́ á sì kúrú, tàbí kí ẹ bọ́ sí Cessna 172 tàbí Piper PA-28 tó wọ́n jù. Ẹ kọ ìwọ̀n yín sínú ímeèlì àkọ́kọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ tó jẹ́ gíláàsì, ìyẹn èyí tó ń fi gbogbo nǹkan hàn lójú bíi ti kọ̀ǹpútà, bíi G1000, dùn ún wò, àmọ́ ó ń fi kún owó. Fún PPL, ẹ̀rọ onítọ́ka àtijọ́ tó ń ṣiṣẹ́ pé pérépéré tó, àyàfi bó bá jẹ́ pé bàálù tí ẹ ó máa lò lẹ́yìn náà jẹ́ ti gíláàsì.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ wá ṣírò owó

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, pẹ̀lú owó tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ á kọ wákàtí 40 ní 180 dọ́là, olùkọ́ wákàtí 20 ní 70 dọ́là: àpapọ̀ 8,600. Ó wù ú kà. Ẹ fi ojú gidi wò ó: wákàtí 60 ní 180 jẹ́ 10,800. Olùkọ́ wà pẹ̀lú yín ní bíi 45 nínú rẹ̀, ó tún ń kọ́ yín nílẹ̀ fún bíi 20. Wákàtí 65 ní 70 jẹ́ 4,550. Ìdánwò orí ìwé 175. Olùdánwò, ẹ fi 900 sí i. Dókítà 200, hẹ́dísẹ́ẹ̀tì 300. Ó di 16,925, láìtíì ka ilé, oúnjẹ, ìbánigbófò, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún ìdánwò tí ẹ bá ní láti tún ṣe.

Ẹ bi wọ́n bóyá epo wà nínú owó wákàtí náà, bóyá wọ́n ń fi kún un bí epo bá gbówó lórí, àti ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí: èyí tó ń ka látìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti dún, tàbí èyí tó ń tẹ̀ lé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Ti ìkejì máa ń dín owó kù, torí ẹ́ńjìnnì kì í yí kíákíá nílẹ̀.

Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ bàálù ti wó lójijì ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, owó akẹ́kọ̀ọ́ sì bá a lọ. Ẹ máa san owó náà díẹ̀díẹ̀, bíi 2,000 dọ́là lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gba ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ń dá èyí tó kù padà. Bí wọ́n bá ní ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó bá san tán, ẹ ṣírò bóyá ẹ̀dínwó náà tó ewu rẹ̀. Lójú tiwa kò tó rí. Àkáǹtì orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni kí owó lọ, kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì ní Òkè-Ìléwó tàbí ibòmíràn, ẹ béèrè nípa Fọ́ọ̀mù A fún owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ sì fi oṣù kan sílẹ̀ fún un. Ẹ kó dọ́là sí àkáǹtì dọ́là yín kí ẹ tó gbéra. Bí náírà bá já wálẹ̀ ní àárín ẹ̀kọ́, ẹ ó dúró ní wákàtí 30, ọwọ́ yín á sì jábọ́.

Ìgbésẹ̀ 9: Ohun tí ẹ ó ṣe nílé

Orúkọ yín gbọ́dọ̀ bára mu lórí páásípọ́ọ̀tù, NIN, ìwé WAEC àti ìwé ìbí. Orúkọ Yorùbá tí wọ́n kọ pọ̀ níbì kan, tí wọ́n pín sí méjì níbòmíràn, máa ń dá àyẹ̀wò ààbò dúró. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù kankan ránṣẹ́: ìbúra ní kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, lẹ́yìn náà NIN, lẹ́yìn náà páásípọ́ọ̀tù.

Ẹ kọ́ ìwé kí ẹ tó lọ. Oṣù méjì nílé lórí òfin, ojú ọjọ́ àti bí bàálù ṣe ń gòkè ń gba wákàtí olùkọ́ tó pọ̀ lọ́wọ́ ìnáwó. FAA gbé àwọn ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sórí ìkànnì lọ́fẹ̀ẹ́; ẹ gbà wọ́n sórí fóònù nígbà tí iná bá wà. Ẹ mọ lẹ́tà rédíò láti Alpha dé Zulu láìwo ìwé. Ẹ bẹ ilé-ẹ̀kọ́ kó fi ìwé ìtọ́nisọ́nà bàálù náà ránṣẹ́, kí ẹ jókòó lórí àga, kí ẹ fọwọ́ ṣe bí ẹni ń tan ẹ́ńjìnnì, lẹ́sẹẹsẹ, títí á fi mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 10: Ìwé tí ẹ ó kó bọ̀

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: logbook, ìwé tí ẹ ń kọ wákàtí tí ẹ fò sí, tí wọ́n ti ṣírò àpapọ̀ rẹ̀, tí olùkọ́ àgbà buwọ́ lù, tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ yín, èsì ìdánwò, ìwé ìlera, àti ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀. Ẹ ya gbogbo ojú ewé logbook ní fọ́tò. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wó lẹ́yìn ọdún méjì kò ní lè bá yín wá àkọsílẹ̀ mọ́.

FAA máa ń fúnni ní ìwé fún ìgbà díẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 120, lẹ́yìn náà ni káàdì á wá nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Láti ọdún 2025, ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò sí ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ yan aṣojú tó ń gbébẹ̀, tí àjọ náà lè fi ìwé ránṣẹ́ sí. Káàdì FAA kì í kú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ bá olùkọ́ ṣe àtúnyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 24, kí ẹ sì ti gbéra kí ẹ sì ti balẹ̀ nígbà mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90 kí ẹ tó gbé èrò. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà sí ti NCAA, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ìfìdímúlẹ̀ nígbà tí ìwé ìlera àti ọwọ́ yín ṣì gbóná, kí ìdánwò òfuurufú wọn má baà di ẹ̀kọ́ tuntun tí ẹ ó tún sanwó fún.